Ẹ̀rí tí Ìyá Mi Jẹ́

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí wọ́n sun ilé tó dojú kọ tiwa. Ọ̀sán gangan ni. Àkókò náà ni ìjà òṣèlú gbilẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn èèyàn ń bu bẹntiróòlù sí ilé ara wọn tí wọ́n sì ń ṣáná sí i. Abúlé wa kò jìnnà sí Igbódìgò. Oko ẹ̀gẹ́ àti igi ọ̀pẹ ló yí wa ká, síbẹ̀ ìjà náà wá wa dé ibẹ̀. Ọkùnrin tó ni ilé yẹn wà nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba; ẹgbẹ́ kejì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa wà. Òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ti lọ sóko lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú.

Ìyá mi wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, ó ń fi èéfín yan púpurú, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Èmi wà lódò, mò ń bó ẹ̀gẹ́. Nígbà tí mo fi máa sáré dé, òrùlé ti jìn, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ká ọkùnrin kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé tòun ti agolo lọ́wọ́. Ará Ùròbò ni, ó ti ń bá wa kọ ẹyìn láti bí ọdún mélòó kan. Omi ló wà nínú agolo náà. Iná ló fẹ́ pa. Ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ ló fi ń pariwo, "Omi ni! Omi ni!" Kò sẹ́ni tó wo inú agolo. Mélòó kan nínú wọn mọ̀ dájú pé kì í ṣe òun. Wọ́n fi igi gbá a ní apá ọ̀tún títí apá náà fi kán, kí wọ́n tó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Àbúrò ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Òun ni àbíkẹ́yìn ìyá wọn, ẹ̀yìn ìyá mi ló sì dàgbà sí. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Àwọn olóṣèlú kan ti ṣèlérí iṣẹ́ akọ̀wé fún un, ó sì gbà wọ́n gbọ́. Láti ọjọ́ iná yẹn, kò lè wo ojú ìyá mi mọ́. Mo rò pé àárẹ̀ ló ń ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó akọ̀pẹ náà ya ilé wa. Oyún inú rẹ̀ ti tóbi. Ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà abúlé, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Kò bẹ ìyá mi ní nǹkan kan. Omi ló tọrọ. Ó mu ún tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá ife padà, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Lẹ́yìn náà ló pe àbúrò rẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo rí ọ," ìyá mi wí. "Mo rí ọ nígbà tí o fo ọgbà wọ ẹ̀yìnkùlé wa pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù lọ́wọ́. Ìwọ náà sì rí mi."

Kò jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi."

"Lọ sọ ọ́ fúnra rẹ. Màá sìn ọ́ lọ."

"Wọ́n máa fi mí sẹ́wọ̀n ni."

"Ọmọ ọlọ́mọ ti wà níbẹ̀ nítorí rẹ."

Ó ṣèlérí pé tí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn á jọ lọ. Ilẹ̀ mọ́, a kò rí i. Ó ti sá lọ bá ìyá wọn ní Àyèká.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ẹbí, wọ́n sì pe ìyá mi jókòó. Olórí ẹbí ní, "Àlejò ni ọkùnrin yẹn. Tó bá ti lọ, ìjà tán. Ṣé ìwọ ni o máa da abúlé rú?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, bàbá. Ìyàwó rẹ̀ mumi nílé mi. Mi ò lè sùn."

Ọjọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́ náà, èmi àti ìyá mi jọ lọ sí Òkìtìpupa. Ó fi Bíbélì búra, ó sọ ohun tó rí. Adájọ́ béèrè ohun tí ẹni tó dárúkọ yẹn jẹ́ sí i.

"Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Wọ́n tú akọ̀pẹ sílẹ̀. Apá rẹ̀ jinná ní wíwọ́, kò sì lè gun ọ̀pẹ mọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ bá lọ́rì padà sí ìlú wọn. Kí wọ́n tó lọ, ó wá fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ìyá mi mú, ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Wọ́n mú àbúrò ìyá mi, ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin. Àwọn tó rán an níṣẹ́ wà nílé wọn, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní nǹkan kan.

Ìyá àgbà kò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá mi á gbé oúnjẹ lọ sí Àyèká, wọn á sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ ohùn ìyá àgbà láti inú yàrá: "Ẹ sọ fún un pé ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ó sì wà lẹ́wọ̀n." Ó kú kí ọmọ náà tó jáde. Ìta ni ìyá mi dúró sí nígbà tí wọ́n ń wẹ òkú rẹ̀.

Ìyá mi tó wá di ẹni ìtanù nínú ẹbí yìí náà ló kó àwọn obìnrin ìjọ wa jọ, ti ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì, láti pọnmi kí wọ́n sì ru amọ̀ tí wọ́n fi tún ilé tó jóná mọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọn kò kí ara wọn. Ní ọjọ́ kẹta, amọ̀ já lé ẹnì kan lórí, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, tí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní abúlé kan, wọ́n á ránṣẹ́ pè é. Ó parí ìjà púpọ̀. Tirẹ̀ kò parí.

Ogun abẹ́lé ti tán nígbà tí àbúrò rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó ní Igbótako. Kò pè wá. Ìyá mi ní a máa lọ. A jókòó sí ìjókòó tó kẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń jáde, ó rí wa. Omi lé sí ojú rẹ̀, mo rò pé yóò sunkún. Ó yíjú sí ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e.

"Bá mi bi ìyá yẹn léèrè ẹni tó pè é."

Ìyá mi kò dúró kí wọ́n bi í. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó mú mi lọ́wọ́, a jáde.

Lójú ọ̀nà mo bi í bóyá ó kábàámọ̀.

"Lójoojúmọ́," ó dáhùn. A rìn díẹ̀ sí i. "Ṣùgbọ́n ìwọ náà rí apá ọkùnrin yẹn."

Mọ́tò dé, a wọ̀ ọ́. Ó kọjú sí oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà títí a fi délé.