Ẹ̀yọ Kan Tó Kù Nínú Ìda

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ìdúró ti sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ di òpó, Ìyá Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìyẹn. Àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹran ara tí dókítà bá yọ lára aláìsàn, tí wọ́n fi ìda dì, òun ló ń fi ẹ̀rọ gé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa là á kọjá. Á yí ọwọ́ ẹ̀rọ, abẹ á gé, á tún yí i. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti gbàgbé bí ìsinmi ṣe rí.

Lọ́jọ́ yìí, ẹran ara ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló délẹ̀. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n yọ kókó kékeré kan lọ́mú ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, kó máa lọ sílé. Ní báyìí, jẹjẹrẹ gan-an ti yọjú nínú ọmú kan náà, ẹ̀gbọ́n sì kọ ìtọ́jú.

“Wọ́n purọ́ fún mi nígbà yẹn,” ló wí. “Ṣé ti àtijọ́ ló dàgbà ni, àbí òmíràn ló dé? Bí wọn ò bá sọ ọ́, mi ò gbé ara mi fún wọn mọ́.”

Dókítà ní ọ̀nà wà. Kí kókó tó di jẹjẹrẹ, díẹ̀díẹ̀ ni àbùkù ń wọ inú jíìnì rẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí ara fi ń dàgbà. Bí àbùkù ti àtijọ́ bá wà nínú ti tuntun, a jẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ṣùgbọ́n ti àtijọ́ tó kù nínú ìda ò nípọn ju èèpo ẹ̀pà lọ. Dókítà ní kí ẹlòmíì gé e. Ìyá Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yarí: “Ta ló mọ̀ ọ́n gé jù mí lọ?”

Kí wọ́n tó gé ìda, wọ́n máa ń kọ́kọ́ fá ojú rẹ̀ kíákíá, wọ́n á sì gbá èyí tí wọ́n fá sínú àwo pàǹtírí. Èyí tó bá ti kéré ni wọn kì í fá. Ó mọ̀, òun ló ń kọ́ àwọn tó kù. Àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́ dé egungun, ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró bi í léèrè. Nígbà tí ojú rẹ̀ máa wálẹ̀, ìda lásán ló kù lẹ́nu abẹ. Èyí tó fá ti dàpọ̀ mọ́ ti gbogbo aláìsàn àárọ̀ yẹn.

“Yéè! Mo gbé!”

Bó ṣe ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n, irọ́ kan ń tẹ̀ lé e. Kó sáà ní òmíràn ló dé. Ẹ̀gbọ́n á gba ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ á tán. Ó bá a tó ń ká aṣọ lórí ibùsùn. Irọ́ náà kọ̀, kò jáde.

“Àǹtí, ẹ dárí jì mí. Mo ti fá a dànù.”

Ẹ̀gbọ́n ká bùláòsì kan, ó tún tú u.

“O ò wá mọ èyí tó jẹ́?”

“Mi ò mọ̀, Àǹtí.”

“Dókítà ńkọ́?”

“Òun náà ò lè mọ̀ mọ́ láé.”

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀gbọ́n fà á jókòó, ó ń ra á léjìká ọ̀tún.

“Gbogbo ará ibẹ̀ yẹn ló mọ gbogbo nǹkan. Ìwọ lẹ́ni àkọ́kọ́ tó máa sọ fún mi pé òun ò mọ̀. Gbẹ́nu dákẹ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ìgbà wo ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ilé ìwòsàn lọ́la?”