Bàbá Mi Ò Jẹ́ Sọ Pé Ara Àwọn Ò Yá

Ẹ jókòó tì mí díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tó kọjá, mi ò tíì lè sọ ọ́ tán láìsunkún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Bàbá mi ni. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ní Òkukù, wọ́n sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á mọ̀ pé wọn kì í ráhùn. Bí igi bá wó lù wọ́n lẹ́sẹ̀, tí ẹ bi wọ́n pé ṣé ara le, "A dúpẹ́" náà ni wọ́n máa fi dáhùn. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ní òun ń ṣàìsàn ló fẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn wá. Ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa náà nìyẹn?

Ìkìrun ni mo ti ń tajà ní tèmi. Aládùúgbò wọn ló pè mí pé Bàbá ti ń fi ọ̀pá rìn, pé ara wọn sì ń gbóná. Mo pè wọ́n. Wọ́n ní kò sí wàhálà, iṣu tí àwọn gbé lóko ló jẹ́ kí ìbàdí máa dun àwọn.

Mo sáré lọ gbé wọn lọ sí ọsibítù kan ní Ìnísà. Àwọn dókítà ibẹ̀ ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n fa omi sí wọn lára. Láràárọ̀ ni dókítà á dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì, á bi wọ́n pé ṣé ara ti ń yá. Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní a dúpẹ́, ó ti dín kù. Wọ́n tún máa ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ dókítà! Dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ti ń mókun, á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ta ni ò ní gbà wọ́n gbọ́?

Ṣùgbọ́n ara gbígbóná ò lọ, ṣúgà ò sì wálẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, dókítà obìnrin kan ló wá, ọmọ àná ni. Ó kí wọn tán, wọ́n dúpẹ́ tán, kò lọ. Ó ní kí Bàbá jọ̀ọ́ fi ẹ̀gbẹ́ kejì lélẹ̀. Wọn ò lè yí. Ó rọra fọwọ́ tẹ eegun ìbàdí wọn, mo sì rí omijé lójú bàbá mi. Mi ò rí i rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Ó ní ká gbé wọn lọ sí Òṣogbo fún sikáànù lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán náà hàn mí, inú eegun ìbàdí Bàbá ti lu wínníwínní bí inú búrẹ́dì. Wọ́n ní kòkòrò àìsàn ló wọ inú eegun, òun ló ń tú afẹ́fẹ́ síbẹ̀. Wọ́n ní ó ṣọ̀wọ́n gan-an, inú ìwé nìkan ni ọ̀pọ̀ dókítà ti mọ̀ ọ́n, àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló sì sábà máa ń ṣe. Wọ́n ní ìtọ́jú rẹ̀ ò gbọdọ̀ pẹ́ rárá. Ó sì ti pẹ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n fa ọyún jáde, wọ́n ha eegun tó ti kú kúrò. Wọ́n ń gún wọn lábẹ́rẹ́ tó lágbára láti pa kòkòrò náà. Ara wọn tutù, Bàbá mu ẹ̀kọ. Inú mi dùn, mo ń kọrin kiri ọsibítù! Lẹ́yìn náà ni kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n kú, mi ò bi wọ́n pé ṣé ara le mọ́. Mo ní, "Bàbá, ibo ló ń dùn yín?"

Wọ́n ní, "Gbogbo ara ni, ọmọ mi. Ó ti ń dùn mí tipẹ́. Mi ò fẹ́ kí àyà rẹ já ni."

Mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n ń sọ ibi tó ń dùn wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ kékeré, títí oorun fi gbé wọn lọ. Wọn ò jí mọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìdúpẹ́ ò burú o. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá ní a dúpẹ́, ẹ má tètè kúrò níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n rìn díẹ̀ lójú yín. Bí wọ́n bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ara ń gbóná, tí eegun sì ń dùn wọ́n, ẹ má fi falẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ní nílé tó máa ń fi "a dúpẹ́" bo ìrora mọ́lẹ̀? Mo fẹ́ gbọ́ tiyín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ́ síbí, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n ná.