Ohùn Tí Bàbá Mi Ní Kí Wọ́n Má Fọwọ́ Kàn

Nínú ilé bàbá mi ní Ayọ̀bọ̀, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rú: ohunkóhun tó o bá fẹ́ gbé kúrò níbi tó wà, sọ fún bàbá mi kó o tó gbé e. Ìbáà jẹ́ àga, ìbáà jẹ́ bàtà, bútà àlùwàlá, tàbí àpótí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Àìsàn ojú ló gba ìmọ́lẹ̀ lójú wọn díẹ̀díẹ̀ títí tí wọn ò fi rí nǹkan kan mọ́. Síbẹ̀, wọn kì í lo ọ̀pá nínú ilé. Wọ́n ti há gbogbo ilé náà sórí, ìgbésẹ̀ mélòó dé ibo, wọ́n sì ń rìn geere nínú rẹ̀ ju àwa tá a ríran lọ.

Èmi ni ọmọ wọn obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkọ̀tún. Mi ò ní purọ́, mo mọ iṣẹ́ náà. Àwọn ọkùnrin tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lọ́nà kan náà pẹ̀lú tèmi máa ń gbé èyí tó bá ti sú wọn wá bá mi ní bòókẹ́lẹ́, wọn á ní kí n má jẹ́ kí oníbàárà gbọ́. Nígbà tí ojú bàbá mi lọ, mo wá kọ̀ǹpútà alágbèéká kan fún wọn, mo fi ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà sí i, mo sì fi ohùn kan sínú rẹ̀ tó ń ka ohun tó bá wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Ohùn náà dà bíi ti ọkùnrin tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ni wọ́n, láti ìgbà tí apá kan àdúgbò wa ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Nígbà tí ojú lọ, wọn ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n á ti íápíìsì bọ etí kan, kọ̀ǹpútà á máa ka àkọsílẹ̀ ìpàdé fún wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn náà á sì máa sọ ọ́ jáde ní Yorùbá fún àwọn onílé, láìta kókó. Àmọ́ Alàájì kan wà nínú ẹgbẹ́ tó ń sọ ọ́ kiri pé akọ̀wé tí kò ríran, ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí? Ó ní kí bàbá lọ sinmi, kí ìpàdé tó ń bọ̀ yan ẹlòmíì. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló ṣì ń gbé bàbá mi jáde nílé. Ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní dìde lórí àga mọ́.

Ìpàdé náà bọ́ sí Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, lẹ́yìn ìmọ́tótó. Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbé kọ̀ǹpútà wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo ní mo fẹ́ nu eruku inú rẹ̀. Mo nu eruku lóòótọ́. Àmọ́ mo tún rí i pé ètò inú rẹ̀ ti gbó, tuntun sì ti jáde. Dátà wọ́n bí ojú nígbà yẹn, ti ṣọ́ọ̀bù sì wà nílẹ̀ gbalaja, ni mo bá sọ gbogbo rẹ̀ di tuntun látòkè délẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo gbé e padà. Bàbá mi ti íápíìsì bọ etí, wọ́n tẹ bọ́tìnì tí wọ́n máa ń tẹ̀. Wọ́n dúró. Wọ́n tún un tẹ̀.

"Kò sọ̀rọ̀," wọ́n ní.

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

Iná ò sí, bátìrì sì kú mọ́ mi lọ́wọ́, ni mo bá sùn síbẹ̀. Nígbà tí iná dé, aago méje àárọ̀ Sátidé ti lù. Ìmọ́tótó ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo àdúgbò ti wà nínú gọ́tà pẹ̀lú ṣọ́bìrì, mọ́tò kankan ò sì gbọ́dọ̀ rìn títí di aago mẹ́wàá. Mi ò lè dé ṣọ́ọ̀bù mi. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni màá fi tún un ṣe.

Nínú irú ètò yìí, ètò kan wà tí mò ń pè ní sítọ́ókípà, bí ẹni tó ń ṣọ́ yàrá ẹrù. Òun ló mọ gbogbo ẹrù, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké, tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹrù tuntun ò lè wọlé, ògbólógbòó ò lè jáde, àfi tó bá fọwọ́ sí i. Mo ní kó gbé ohùn wọlé, ó kọ̀. Mo ní kó tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe, ó kọ̀. Mo ní kó yẹ ara rẹ̀ wò bóyá nǹkan kan ń ṣe é, ó yẹ ara rẹ̀ wò, ó ní kò sóhun tó ń ṣe òun. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ ṣáá: ẹrù kan wà tí wọ́n ní kí òun má fọwọ́ kàn.

Inú bí mi. Mo bú u, mo bú àwọn tó kọ ọ́, mo bú iná tó pẹ́ kó tó dé. Aago mẹ́jọ kọjá. Bàbá mi jókòó sáyè wọn, wọ́n ń yí tẹ̀sùbáà.

Nígbà tó sú mi, mo panu mọ́, mo sì ka ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn. Àwọn wo? Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Mo bi í pé ẹrù wo ni, ẹyọ kan ṣoṣo ló dárúkọ: ohùn bàbá mi. Mo wá wo ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ gbogbo àṣẹ tí wọ́n bá tẹ̀ fún un sí. Ẹnì kan ti ṣí ìwé ìlànà sítọ́ókípà lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó tẹ àṣẹ kan, ó ṣì í. Ó tún un tẹ̀, ó tún ṣì í. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta gún régé, kò sí lẹ́tà kan tó yẹ̀. Èèyàn méjì péré ló sì mọ páswọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà yẹn.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó má fọwọ́ kan ohùn yìí?"

"Èmi ni. Lọ́dún tó kọjá, o yí i, ohùn ẹlòmíì ló bọ́ sí mi létí. Orúkọ àwọn onílé, bí ohùn àtijọ́ ṣe máa ń pè é tó máa ń bà á jẹ́ ti mọ́ mi lára, mo mọ ẹni tó ń pè. Tuntun yẹn, àfi bíi pé àlejò ló ń ka ìwé mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó o tó dá a padà. Mo wá ní, ọmọ yìí ò ní ṣàì tún yí i ṣá. Mo lọ kà nípa ẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o sọ fún mi? Eruku lo ní o fẹ́ nù, jàre."

Ojú tì mí gan-an. Nínú ilé tí mi ò ti jẹ́ gbé bàtà láìsọ, mo ti kó gbogbo inú kọ̀ǹpútà wọn síta, mo sì tún un tò bó ṣe wù mí.

Ohùn náà ṣì wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe pa á láṣẹ. Ẹrù kékeré kan tó ń gbé e dúró ni mo ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀nà méjì ló wà: kí n fagi lé àṣẹ wọn, kí ohùn tuntun tó bá ètò tuntun wá wọlé ní kíá, tàbí kí n wá ẹrù tí mo dà nù yẹn, kí n sì gbé e jókòó ti àwọn tuntun láìjẹ́ kí wọ́n jà.

"Bàbá, èwo lẹ fẹ́?"

"Ẹn-ẹ́n! Abèèrè kì í ṣìnà," wọ́n ní. "Ti àtijọ́. Tá a bá tìpàdé dé, kó o wá kọ́ mi ní tuntun."

Mo ti sọ pé mo mọ iṣẹ́ mi. Sítọ́ókípà kì í tètè da páálí ẹrù àtijọ́ nù; ó níbi tó ń kó wọn pa mọ́ sí, ibẹ̀ ni mo ti rí ẹrù náà. Bí mo ṣe ń gbé e padà ni mò ń sọ ohun tí mò ń ṣe fún bàbá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mi orí. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ọkùnrin ọlọ́fìnkìn yẹn lanu sọ̀rọ̀.

Nípàdé, Alàájì jókòó síwájú. Nígbà tí àkọsílẹ̀ dé ìdajì, ó ní kí akọ̀wé tún ibi ọ̀rọ̀ tiransfọ́má kà. Bàbá mi tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún un kà: Alàájì fúnra rẹ̀ ló ṣèlérí pé òun á mú oníṣẹ́ iná wá lọ́sẹ̀ yẹn, ẹgbẹ́ sì ṣì ń retí. Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ náà, ẹlòmíì kín in lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ akọ̀wé tuntun mọ́.

Nígbà tá a padà délé, bàbá mi ṣáájú mi wọlé. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ̀ǹpútà, orí mi ń wú. Bí mo ṣe gbẹ́sẹ̀ wọlé, eegun ojúgun mi kọ lu àpótí ìjókòó. Kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́. Wọ́n ti fẹsẹ̀ tì í sáàárín ọ̀nà. Díẹ̀ ló kù kí n ṣubú.

"Pẹ̀lẹ́ o," bàbá mi ní láti orí àga wọn. "Mo gbàgbé láti sọ fún ẹ ni."