Ládàánì Tó Ń Fi Ẹsẹ̀ Kan Dúró

Wọ́n ní ẹni tó bá ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì. Ní Mowe, ní ọdún 1954, kùkùté ló mi Bùrẹ́ímọ̀. Kùkùté ìrókò kan wà lójúde mọ́ṣáláṣí, ó ga dé orúnkún, òkè rẹ̀ ò sì fẹ̀ púpọ̀ ju ẹnu odó lọ. Orí rẹ̀ ni Bùrẹ́ímọ̀ ládàánì ti ń dúró pe ìrun láti ọdún méjìlélógún. Ohùn rẹ̀ a máa dé ọ̀nà Ọ̀fàdà, àwọn tí kì í kírun pàápàá a sì máa fi mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dáná. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó yí ojú sọ́tùn-ún, ó pe àwọn èèyàn wá síbi ìrun, kò sí wàhálà. Ó yí ojú sósì láti pè wọ́n wá síbi ìgbàlà, ló bá já gbìì sáàárín bàtà wọn.

Kò fara pa. Ìbá tiẹ̀ sàn kó fara pa, wọn ì bá káàánú rẹ̀. Ẹ̀rín ni gbogbo wọn ń gbé mì. Sàlísù télọ̀, tí ìsọ̀ rẹ̀ dojú kọ mọ́ṣáláṣí, ló sáré gbé e dìde. Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó wá ń sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́ sétí gbogbo ayé pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá. Ọjọ́ orí ti dé. Ó yẹ kẹ́ ẹ máa sinmi." Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Sàlísù ti ń fẹ́ kí bàbá sinmi. Ohùn rẹ̀ dùn lóòótọ́, òun náà sì mọ̀.

Lèmọ́mù gbọ́. Lèmọ́mù fi bí ọdún mẹ́fà ju Bùrẹ́ímọ̀ lọ, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ń dìde láti ìforíkanlẹ̀, a máa fọwọ́ ti ògiri díẹ̀, àwọn èèyàn a sì ṣe bí ẹni pé àwọn ò rí i. "Ààwẹ̀ ku oṣù méjì," ó ní. "Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó bá ṣáájú ààwẹ̀, Ládàánì, wàá gun kùkùté yìí. Bí o bá pè é tán tí o ò di nǹkan kan mú, ipò rẹ ni. Bí o bá ṣubú, Sàlísù ni yóò máa pè é."

Bùrẹ́ímọ̀ délé, kò jẹun. Kì í ṣe ipò gan-an ló ń dùn ún. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí wọ́n bá gba ìrun pípè lọ́wọ́ òun, òun ò mọ ohun tí òun yóò tún máa jí fún láràárọ̀.

Ròkíátù ìyàwó rẹ̀ ń gún ìrẹsì ní ẹ̀yìnkùlé. Ó wò ó títí.

"Bàbá Mùnírátù, bẹ́ ẹ bá ń ṣe àlùwàlá, báwo lẹ ṣe ń fọ ẹsẹ̀?"

"Mo jókòó sórí àpótí. Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ fọ̀ ọ́ ni?"

Ròkíátù gbé ọmọ odó sílẹ̀, ó gbé bùtà omi, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó sì fọ àárín ọmọ-ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Kò di ògiri mú, kò sì mì. Ó pààrọ̀ ẹsẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. "Gbogbo ọdún tẹ́ ẹ ti ń jókòó yìí," ló wí, "ìdí yín nìkan ló ń lágbára."

Ni ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, bí Bùrẹ́ímọ̀ bá fẹ́ run orín, orí ẹsẹ̀ kan ni yóò ti run ún, kó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìka méjì péré ló kù lára ògiri. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ku ìka kan. A tún máa dìde lórí àpótí nígbà mẹ́wàá láìfọwọ́ ti orúnkún, eegun rẹ̀ a sì máa dún bí igi gbígbẹ. Bí wọ́n bá dóko, Ròkíátù a ní kó rìn lórí ìtì ọ̀pẹ kan tó wó sílẹ̀, kí gìgísẹ̀ kan máa kan ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló rìn kó tó bá ara rẹ̀ nínú koríko. Ó ní òun ò ṣe mọ́. Ròkíátù ní kò burú, kí òun tètè lọ kí Sàlísù kú oríire. Bùrẹ́ímọ̀ padà sórí ìtì.

Ọrùn ló le jù. Bó bá dúró lórí ẹsẹ̀ kan tó wo iwájú, kò séwu. Bó bá yí ojú sósì báyìí, ilẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í yí, bó sì ṣe ṣubú lójọ́sí náà nìyẹn. Ròkíátù wá ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ pẹ̀lú dòdò gbígbóná lọ́wọ́, ó ní bó bá fẹ́ jẹ ẹ́, kó yí ẹnu wá síbẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀. Bùrẹ́ímọ̀ sì fẹ́ràn dòdò.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Ròkíátù rí fìlà kan lókè ọgbà. "Ẹ má wẹ̀yìn," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Sàlísù ń yọjú. Ẹ dijú, kẹ́ ẹ sì máa mi ètè."

"Kí n máa sọ kí ni?"

"Ẹ ṣáà máa mì í."

Bùrẹ́ímọ̀ dijú, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè bíi lékeléke, ó ń mi ètè. Òǹkà ló ń kà. Nígbà tó ka dé ọgbọ̀n, ó gbọ́ tí fìlà náà ń sáré lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Sàlísù dọ̀bálẹ̀ kí i lọ́nà, èyí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀. "Bàbá, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni àbí tòsì?"

"Kí ni?"

"Kò sí nǹkan kan, bàbá."

Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin kan tó wá gba bùbá rẹ̀ bá Sàlísù lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ojú ní dídì, ẹsẹ̀ kan lókè, ètè ń mì. Obìnrin náà kí i. Ibi tó ti fẹ́ dáhùn ló ti já bọ́. Nígbà tí Bùrẹ́ímọ̀ gbọ́, inú rẹ̀ dùn láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ nígbà tó kọjá níwájú ìsọ̀ tó rí i pé Sàlísù ò lè fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, tí aṣọ oníṣẹ́ sì jọ gègèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú tì í, ó sì yára kọjá.

Ọjọ́ Jímọ̀ náà pé. Àwọn tí a kì í rí àfi lọ́dún Iléyá náà wá. Bùrẹ́ímọ̀ gun kùkùté. Ó pè é, ó pè é, ó yí ojú sọ́tùn-ún. Ó yí i sósì, ó rántí dòdò, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ gbà á lẹ́nu. Kò mì. Ó pè é tán. Ó yẹ kó sọ̀kalẹ̀, àmọ́ ìyà oṣù méjì ò kéré. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìrun, Sàlísù tiro wá bá a níbi tí òun àti Lèmọ́mù dúró sí. "Ẹ kú oríire, bàbá. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, àdúrà wo lẹ ń kà?"

Bùrẹ́ímọ̀ wo ẹsẹ̀ Sàlísù tó wú. Irọ́ mẹ́ta tó dùn wá sí i lẹ́nu, ó gbé wọn mì. "Ení, èjì, ẹ̀ta ni mo ń kà," ó ní. "A rí ọ lọ́jọ́ tó o yọjú, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ mi ètè ni. Má bínú. Ìyá Mùnírátù ló kọ́ mi. Ara ògiri ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ ti orí tábìlì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yẹn bá san, máa bọ̀ láàárọ̀."

Sàlísù kọ́kọ́ le ojú. Nígbà tó yá, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìfẹ́. "Ṣé kí n mú orín tèmi dání?" ló bèèrè, ó sì tiro lọ sí ìsọ̀ rẹ̀.

Bùrẹ́ímọ̀ náà fẹ́ máa lọ. Lèmọ́mù dá a dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé kò sẹ́ni nítòsí mọ́.

"Ládàánì," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ògiri ẹ̀yìnkùlé rẹ yẹn, èèyàn mélòó ló gbà?"