Ẹyẹ Tó Já Bọ́ Lára Páànù

Ìró òòlù lórí irin ló máa ń jí mi nígbà tí mo wà nílé ọkọ l'Abẹ́òkúta, kó, kó, kó, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún. Ọkọ mi ló ń gé páànù tí a fi ń ṣe àdìrẹ. Á tẹ́ páànù sórí ìtì igi, á fi irin ẹlẹ́nu mímú gé ojú rẹ̀ títí àwòrán á fi yọ. Èmi á gbé e lé aṣọ funfun, màá fi ẹ̀kọ láfún ra á lójú, ẹ̀kọ á gba inú ihò bọ́ sára aṣọ. Tó bá gbẹ, ó di inú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú un. Ọkùnrin ló ń gé, obìnrin ló ń rẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a.

Ọdún tí apá ọ̀tún ọkọ mi rọ ni páànù ẹlẹ́yẹ wa ya. Ẹyẹ kan ni, ó dúró sáàárín òrùka. Òun ni wọ́n fi mọ ọwọ́ ọkọ mi, kò sí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Obìnrin tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ wa ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Tí n kò bá rí ẹlẹ́yẹ ní Sátidé, ilé kejì ni mò ń lọ." Ọkọ mi gbọ́ láti inú yàrá. Kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Èmi wá rò pé gígé páànù ò ju ká bó iṣu lọ. Mo gbé irin lọ sẹ́yìnkùlé, mo gé òrùka náà yí ẹyẹ ká. Bí mo ṣe gbé páànù sókè báyìí, ẹyẹ já bọ́ sílẹ̀. Ihò roboto ló kù.

Ọkọ mi wọ́ ẹsẹ̀ jáde. "Ìyá ilé, ṣé o tú u sílẹ̀ ni?"

"Ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Bàbá."

Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ là ń gé. Fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kó fi di páànù mú. Fi ìrù sílẹ̀ díẹ̀, àti orí."

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Ó fi ọwọ́ òsì di páànù tuntun mú, èmi ń lu irin. Ní Sátidé, oníbàárà wa tẹ́ aṣọ wò. "Ọwọ́ Bàbá ti padà bọ̀ sípò nìyẹn." Ọkọ mi wò mí. Mo ní, "A dúpẹ́." Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èmi ni mo gé e, títí ọkọ mi fi kú.

Ardwick níbí, nílùú Òyìnbó, ni mo wà nígbà tó kú, mò ń tọ́jú ọmọ fún ọmọ mi tó wà ní ṣíìfùtì ní ọsibítù. Fóònù dún, ìrẹsì wà lórí iná. Mo ní mo ti gbọ́, mo dín gáàsì kù. Ìrẹsì náà ò jóná. Wọ́n ní ẹkún ń bọ̀ tó bá yá. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà dúró dè é. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí.

Ẹyẹ tó já bọ́ yẹn wà nínú Bíbélì tí n kò lè kà. Lónìí, kí ọmọ-ọmọ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí bá mi kọ èyí, ó mú un jáde, ó gbé e lé páálí, ó ń fi pẹ́ńsù yí i ká, ó ní òun fẹ́ gé òrùka yí i ká. Mo ní, "Fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀."

"Màmá, ta ló kọ́ yín?"

Láti ọjọ́ fóònù yẹn, n kò tíì dárúkọ ọkọ mi fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Bàbá yín àgbà ni." Ó ní ṣé kí òun kọ ìyẹn sílẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́.