Olùkọ́ Tó Ń Dán Ìwé Wò

Nígbà tí fóònù alágbèéká kò tíì dé Ìrolú, olùkọ́ yunifásítì kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ tó ń sinmi ní Sátidé ń gbé ilé mi. Bó bá ra ìwé, ojú ewé tó sọ nípa ibi tí òun alára mọ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣí. Á ní, "Ìwé tó bá purọ́ nípa ẹ̀yìnkùlé mi, yóò pa mí lórí òkè."

Ó fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ gun òkè Ìdànrè, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ó gbé ìwé méjì tó ń júwe ọ̀nà wá bá mi. Ọ̀kan ń dán, ṣùgbọ́n ó ní òkè ńlá wà ní Ìrolú wa tó tẹ́ pẹrẹsẹ! Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó kọ ọ́ síbì kan pé: "N kò dé ọ̀hún, ẹ bi ará ibẹ̀."

"Tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni mo mú, Bàbá."

"Èyí tó jẹ́wọ́ pé òun ò mọ̀?"

"Òun gan-an ni. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé omi wà lókè náà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn?"

Hà! Èmi tí mo ti sọ fún gbogbo ìlú pé ẹkùn dọ̀bálẹ̀ kí mi níbẹ̀! Irọ́ ti dé ètè mi, ó ń dùn yùngbà. Mo wá ro ti òùngbẹ àwọn ọmọ ọlọ́mọ, mo gbé e mì.

"N kò mọ̀, ọmọ mi. N kò gùn ún rí."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì kọ orúkọ mi mọ́ tàwọn tó ń lọ. "Ẹ wá bàtà tó nípọn, Bàbá. Kálukú á gbé omi tiẹ̀."