Omi Ìṣínu Yèyé

Bí ààwẹ̀ bá ti ku ọ̀la, ọkàn mi a máa fà sí Ọ̀kà. Ìkàrẹ́ ni mo ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti ń ta aṣọ, ọ̀nà náà kò sì jìn. Ènìyàn kì í tíì tòògbé dáadáa nínú ọkọ̀ tí àwọn òkè Ọ̀kà yóò fi yọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo máa ń lọ bá níbẹ̀ kò sí mọ́.

Nígbà tí Yèyé, ìyá tó bí wa, wà láyé, ọjọ́ tó ṣáájú ààwẹ̀ ni ọjọ́ fífọ inú nílé wa. Kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́, àtẹni tó ti lọ́kọ àtẹni tó ti bímọ. Àárọ̀ kùtù ni yóò ti gbé ìkòkò ewé àsúnwọ̀n kaná, omi ògì kíkan ni yóò fi sè é, òórùn rẹ̀ a sì gba gbogbo àgbàlá. "A kì í tẹ́ ẹní ìrun sórí ilẹ̀ tí a ò gbá," báyìí ni yóò wí, àwa náà a fọwọ́ dí imú, a ó gbé e mu. Lẹ́yìn náà, a ó lọ jókòó sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, a ó máa wo ojú ara wa, ká mọ ẹni tí ikùn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pariwo. Ṣáláńgá kan ṣoṣo la ní. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó máa ń rọra rìn bí ìyàwó ọba, mo rí i lọ́jọ́ kan tó sáré tó fi bàtà rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ lórí àpáta. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Tó bá dìrọ̀lẹ́, Yèyé a po ẹ̀kọ gbígbóná fún wa láìsí ṣúgà, n kò sì tíì jẹ ohun tó dùn tó o. Ẹ̀kọ yẹn ń wù mí títí dòní.

A kò mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. Ara tiwa ṣì le. Yèyé ló ń dàgbà, ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, oògùn tí wọ́n sì fún un ń mú un tọ̀ ṣáá.

Lọ́dún kan, nígbà tí ààwẹ̀ ku ọ̀la, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ wọ bọ́ọ̀sì ní Ìkàrẹ́. Ọkùnrin kan dìde láàárín wa, ó ń polówó tíì tó ń fọ ìfun. Ó ní kò sí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yẹn tí ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ kò lẹ̀ mọ́ ìfun rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn débi pé ìyá tó jókòó tì mí bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa ikùn. Mo pòṣé, mo ní irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé èmi nìkan ni mo gbọ́n ni, ó rà á fún Yèyé.

Yèyé mu tíì náà, ó tún mu àgbo tirẹ̀ lé e. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Nígbà tí a jí jẹ sààrì, ó ṣì ń lọ sí ṣáláńgá, ó ṣì ń bọ̀, síbẹ̀ ó gba ààwẹ̀. Kí a tó kírun àìlà, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, iṣan ẹsẹ̀ ń fà á, ohùn rẹ̀ kò sì jáde mọ́ dáadáa. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo gbé omi wá.

"Yèyé, ẹ dákun, ẹ mu ún."

"Ààwẹ̀ àkọ́kọ́? Gbé e kúrò níwájú mi."

Mo sáré lọ pe àáfà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó lóṣòó tì í. "Ìyá, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ẹ mu ún." Ó mu ún, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọsibítù, dókítà ní omi àti iyọ̀ ara rẹ̀ ló bá ìgbẹ́ lọ, ó sì ti kan kíndìnrín. "Màmá, ìfun kì í ṣe ìkòkò tó ń dúró de kànrìnkàn. Oúnjẹ tí ẹ ń jẹ àti omi tí ẹ ń mu ló fi ń fọ ara rẹ̀." Ó ní kó má gbààwẹ̀ mọ́.

"Tọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?" Yèyé bi í.

"Àti tọdún tó ń bọ̀, Màmá."

Ó padà wálé láàyè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí ààwẹ̀ ló ṣe fọ inú, ààwẹ̀ náà ló sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń bọ́ aláìní dípò ààwẹ̀, bí ẹ̀sìn ṣe wí, síbẹ̀ ó máa ń bá wa jí sí sààrì, á jókòó, á máa wò wá. "Ebi ààwẹ̀ ń wù mí," ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan.

Wọ́n ní kó máa mumi lọ́sàn-án, ó sì ń mu ún. Àmọ́ yóò ṣẹ́ ẹnu omi kan kù sí ìsàlẹ̀ ife tánganran rẹ̀, yóò dé e. Bí wọ́n bá pe ìrun ìrọ̀lẹ́, yóò ṣí i, yóò ní Bísímílà, yóò bá wa ṣínu.

Lọ́dún yìí tí Yèyé kò sí mọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Ọ̀kà. A kò se àgbo. Ẹ̀gbọ́n mi po ẹ̀kọ, a jẹ ẹ́ lórí àpáta, kò sẹ́ni tó sáré, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ife náà wà lọ́dọ̀ mi ní Ìkàrẹ́ báyìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ààwẹ̀, mo bu ẹnu omi kan sí i lọ́sàn-án, mo dé e. Nígbà tí wọ́n pe ìrun, òun ni mo kọ́kọ́ mu. Mo bu òmíràn mu, mo tún bu òmíràn. Òùngbẹ Yèyé tó ń gbẹ mí kò lọ.